Níbo Ni Ká Sin Ibi Ọmọ Yìí Sí?

Kí a tó gbé ẹrù wọlé ni Bàbá Onílé ti ka òfin ilé rẹ̀ fún wa lẹ́nu géètì. A ò gbọ́dọ̀ ní ewúrẹ́. A ò gbọ́dọ̀ dáná sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí ó kan òfin tó kù, ó dojú kọ ọkọ mi, ó sì na ìka sí ikùn mi tí kò tí ì sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

“Tí ìyàwó ẹ bá bímọ níbí, o ò gbọ́dọ̀ sin ibi ọmọ náà sínú ilẹ̀ mi. Kí ẹ bímọ, ìyẹn ò kàn mí. Ibi rẹ̀ ni mi ò fẹ́.”

Ẹ̀rín pa mí. Mo rò pé ọkùnrin náà ń ṣàwàdà pẹ̀lú àlejò ni. Ní Kétu tí a ti wá, lẹ́yìn bọ́dà, lọ́wọ́ Dàhòmì, kò sẹ́ni tó ń tọrọ àyè fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ bá ti wálẹ̀ tí ibi rẹ̀ sì tẹ̀lé e, bàbá ọmọ á kó o sínú ìkòkò tuntun, á bò ó, á gbẹ́ ilẹ̀ sẹ́yìn balùwẹ̀, á sì sin ín. Ibẹ̀ ni wọn á ti máa wẹ ọmọ náà, kí omi ìwẹ̀ rẹ̀ lè máa tu ibẹ̀ lára. Bí ọmọ ṣe ń di onílé nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kó jáde lẹ́yìn náà, á kàn na ọwọ́ sí ẹ̀yìn balùwẹ̀ ni.

Ọmọbìnrin mi tó ń retí ọmọ tirẹ̀ lókè òkun ló ní kí n kọ ìtàn ìbí òun sílẹ̀. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo padà fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé mi ṣe, nítorí náà bí mo ṣe ń kọ ìròyìn náà ni mo ṣe kọ èyí. Ohun tí mo fojú rí, mo kọ ọ́. Ohun tí n kò rí, mo bi àwọn tó rí i, bí wọ́n sì ṣe sọ ọ́ gan-an ni mo gbé e kalẹ̀.

Òórùn ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ sí Okokomaiko. Ìgbà tí owó epo dé ni, gbogbo ẹnu ló ń wí pé owó ti dé. Mi ò rí owó náà. Ohun tí mo rí ni ìrẹsì jíjìnnà tí wọ́n dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lẹ́yìn ayẹyẹ, pẹ̀lú ẹran tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn. Eṣinṣin á bò ó, ajá á jẹ ẹ́ títí á fi sú u, òjò á rọ̀ sí i, á wá di nǹkan tí mi ò lè pè lórúkọ. Aládùúgbò wa kan ra tẹlifíṣọ̀n kí iná ẹlẹ́ńtíríkì tó dé àdúgbò náà. Ó gbé e sí pálọ̀, ó fi aṣọ léèsì bò ó. Bí àlejò bá dé, á ká léèsì náà sókè kí wọ́n lè wo ojú rẹ̀ tó dúdú kirimú, á sì tún bò ó padà.

“Ẹ̀yin ará Kútọnu, ẹ mà gbọ́ Yorùbá o!” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ fún mi nídìí ẹ̀rọ omi.

“Ìyá mi, Yorùbá ni wá.”

“Á à, ẹ ti wá kọ́ ọ nìyẹn.”

Mi ò jiyàn mọ́ nígbà tó yá. Mo kàn ń pọn omi mi.

Ọkọ mi ń wa kàtàpílà fún àwọn tó ń ṣe títì ńlá tó lọ sí Àgbádárìgì. Èmi ń fọ aṣọ àwọn òyìnbó tó ń darí iṣẹ́ náà, ní àgọ́ wọn. Ọ̀dà títì kì í jáde lára ṣòkòtò. Ara ìka mi ló máa ń wá sí, abẹ́ èékánná, tí mo bá fẹ́ jẹun nírọ̀lẹ́, òórùn rẹ̀ ni mo ń gbé lọ sẹ́nu. Nínú ilé tí a ń gbé, kò sí yàrá tó ṣófo, síbẹ̀ kálukú ló ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ní Kétu, ojú kì í mọ́ kí ẹnì kan má béèrè bí mo ṣe sùn. Níhìn-ín, mo lè kú sínú yàrá kí ó jẹ́ pé owó ilé ni wọn yóò fi mọ̀.

Iṣẹ́ Bàbá Onílé ni kí ó máa ta ilẹ̀. Á ta ilẹ̀ kan fún oníṣòwò lówùúrọ̀, á tún ta á fún òṣìṣẹ́ ìjọba kí oòrùn tó wọ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn méjì tó ra ilẹ̀ kan náà bá ara wọn pàdé lórí rẹ̀. Wọ́n fa aṣọ ara wọn ya, wọ́n ń yí nínú ẹrẹ̀. Bàbá Onílé jókòó lórí àga rẹ̀ níwájú ilé, ó ń jẹ gúgúrú, ó ń wò wọ́n. Nígbà tí ó rí mi, ó na ike gúgúrú náà sí mi pé kí n bu díẹ̀. Mo kọjá lọ sínú yàrá wa.

Ẹ̀gbẹ́ okùn aṣọ ni mo wà lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọmọ fẹ́ wá. Ọkọ mi wà lọ́nà jíjìn lórí kàtàpílà rẹ̀. Kò sí ọkọ̀ kankan nítòsí àfi táńkà omi tí wọ́n fi ń rin iyẹ̀pẹ̀ pupa títì náà kí ó lè le. Làmídì, ọmọ Ọ̀yọ́ kan, ọ̀rẹ́ ọkọ mi, ló ń wà á. Mo bi í lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún bí ó ṣe rí.

“Mo rò pé aṣọ tutù ló ro sí ẹ lẹ́sẹ̀,” ó ní. “Ìgbà tí o di irin ọkọ̀ mi mú tí o ní, ‘Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé mi lọ,’ ni mo tó mọ̀. Mo ní yéè! Ọkọ̀ omi nìyí o, kì í ṣe ọkọ̀ aláboyún! O wò mí lójú, ojú yẹn ló bà mí lẹ́rù. Mo gbé ẹ. Ìdààmú ò jẹ́ kí n rántí ti ẹnu páìpù pa. Láti Okokomaiko dé Ọ̀jọ́ ni omi ń tú dànù lẹ́yìn wa. Àwọn èèyàn ń sá, wọ́n ń bú ìyá mi.”

Mi ò ní dárúkọ ilé ìgbẹ̀bí tí ó gbé mi lọ. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì náà kò tí ì gbẹ nígbà tí wọ́n ní kí n gun orí rẹ̀. Ọmọge nọ́ọ̀sì kan ń jẹ ẹ̀pà. Nígbà tí mo kígbe, ó ní, “Ará Kútọnu, ṣe jẹ́jẹ́. Ṣé orí ẹ ni wọ́n ti kọ́kọ́ bímọ ni?” Ó sì tu èèpo ẹ̀pà sílẹ̀.

Agbẹ̀bí àgbà tó gbẹ̀bí mi ní tirẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú. Mo wá a lọ sílé rẹ̀ ní Ọ̀jọ́ nígbà tó ti dàgbà gan-an. Ó rántí mi nítorí táńkà.

“Ìwọ tó wá pẹ̀lú òjò!” ó ní. “Orí ọmọ ti yọ kí n tó débẹ̀. Mo ní kí o dúró, o ò dúró. Mo gbá ẹ nítan. O gbá èmi náà padà! Bí mo ṣe ń wá ohun tí màá fi gbá ẹ lẹ́ẹ̀kejì ni ọmọ ti bọ́ sí mi lọ́wọ́.”

Obìnrin ni. Ó sunkún, èmi náà sunkún. Nígbà tí ibi rẹ̀ tẹ̀lé e, nọ́ọ̀sì ẹlẹ́pà gbé e sínú agolo mílíìkì ńlá kan, ó fi ẹsẹ̀ tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. “Kí bàbá ọmọ wá gbé ẹrù ẹ̀. Ibí kì í ṣe itẹ́ òkú.”

Mo bi í pé àwọn tí bàbá wọn ò bá wá ńkọ́. Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí fèrèsé. Mo yíjú wo ìta. Lẹ́yìn ilé ìyàgbẹ́, ajá méjì ń fa nǹkan kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Mi ò tún wò ó mọ́. Bí ọkọ mi ṣe wọlé, eruku pupa láti orí dé ẹsẹ̀, tí ó gbé ọmọ mọ́ra tí omijé fa ìlà sí eruku ojú rẹ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo bá a sọ ni pé, “Gbé agolo yẹn kúrò níbí. Lọ sin ín.”

Ó ra ìkòkò tuntun lẹ́bàá ọ̀nà, ó kó o sínú rẹ̀, ó fi ewé kókò bò ó, ó sì mú ọ̀nà ilé pọ̀n. Òfin Bàbá Onílé kò kúrò lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà pé ẹni tó bá rí ìkòkò lójú-kojú, tó mọ̀ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọkàn rẹ̀ á rọ̀. Àṣìṣe tirẹ̀ nìyẹn. Ará Kétu nìkan ló lè ṣe é.

Ìyá Onílé wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ èyí tó kù, lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

“Ọkọ ẹ ní, ‘Ẹ kú ilé o, Bàbá. Ìyàwó mi ti bí o.’ Bàbá ní, ‘Ẹ kú ewu ọmọ. Kí ló wà nínú ìkòkò?’ Ọkọ ẹ gbé ìkòkò mọ́ àyà. Bàbá dìde lórí àga, ó na ọwọ́ méjèèjì dí ẹnu géètì bí ẹni tó ń dá màlúù padà. Ọkọ ẹ dọ̀bálẹ̀ tòun ti ìkòkò. Ó ní, ‘Bàbá, kò ju ibi tí adìẹ lè sùn sí lọ.’ Bàbá ní, ‘Lónìí ni kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá dọ̀la, ọmọ ẹ á dàgbà, á kàwé, á mú lọ́yà wá, á ní ibi òun wà nínú ilẹ̀ yìí, òun lòun ni ín.’ Ọkọ ẹ ní, ‘Bàbá, obìnrin ni.’ Bàbá ní, ‘Àwọn yẹn ló burú jù!’”

Gbogbo àdúgbò ló mọ ibi tí Bàbá Onílé ti rí ìbẹ̀rù yẹn. Nígbà tí òun àti ẹbí rẹ̀ du ilẹ̀ náà dé kóòtù, ohun tí ó sọ níwájú adájọ́ ni pé abẹ́ igi àgbọn tó wà nínú ọgbà ni bàbá òun sin ibi òun sí. Ọ̀rọ̀ yẹn ló fi jàre. Ó máa ń sọ ọ́ fún àlejò bí ẹni tó ń ka oríkì ara rẹ̀.

Ìyá Onílé wo ẹ̀yìn kí ó tó sọ ìyókù, bí ẹni pé òkú lè gbọ́. “Irọ́ ni. Àgbádárìgì ni wọ́n bí i sí, nílé ìyá ẹ̀. Ibẹ̀ ni ibi ẹ̀ wà.”

“Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ nígbà náà?”

“Inú ilé náà kọ́ ni mò ń gbé ni?”

Ọkọ mi gbé ìkòkò rẹ̀, ó forí lé Ìbà, níbi tí ẹnì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti ra ilẹ̀. Ọkọ̀ kan gbé e. Nígbà tí awakọ̀ mọ ohun tí ó gbé dání, ó sọ ọ́ kalẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ó fẹsẹ̀ rìn ín dé. Kò tí ì gbẹ́ ilẹ̀ jìnnà tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí ẹbí kan háyà láti máa ṣọ́ ilẹ̀ fi yọ sí i pẹ̀lú àdá. Ilẹ̀ tó ní ẹjọ́ lọ́rùn ni, ọkùnrin kan sì ń ri ìkòkò mọ́ ọn. Ohun tó wá sọ́kàn wọn ni pé wọ́n rán an wá ri oògùn mọ́lẹ̀.

“Ta ló rán ẹ?”

“Ibi ọmọ mi ni.”

“Irọ́ ni! Ṣí i!”

Wọ́n fi ẹ̀yìn àdá gbá a léjìká, wọ́n sì ṣí i fúnra wọn. Oòrùn ti wà lórí ìkòkò yẹn láti ọ̀sán. Ẹni tó pariwo jù nínú wọn ló kọ́kọ́ bì. Wọ́n ní kó gbé e lọ sí ìlú rẹ̀.

Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tó sọ fún mi nípa Ìbà kò ju èyí lọ: “Lílù yẹn ò dùn mí. Wọ́n ṣí i. Gbogbo ojú wọ̀nyẹn wo inú ẹ̀.”

Mo ti gbọ́ ìròyìn ìjà, ìròyìn iná, ìròyìn ìjàǹbá ọkọ̀ láti ìgbà náà. Kò sí èyí tó rí mi lára tó bẹ́ẹ̀. Ìlú tí wọ́n ti ń da ẹran sílẹ̀ fún ajá, tí ọkùnrin kan ń ta ilẹ̀ kan náà fún ẹni méjì, kò ní àyè tó fẹ̀ tó ìkòkò kan fún ọmọ tí wọ́n bí sínú rẹ̀. A lè ṣe títì wọn. A lè fọ aṣọ wọn. A lè san owó ilé wọn lọ́jọ́ tó pé. Ohun tí wọn ò fẹ́ ni kí nǹkan tiwa kankan dúró sínú ilẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ní ká máa lọ.

Ilẹ̀ kò tí ì ṣú nígbà tí ó padà dé orí títì. Wọ́n ṣì ń fi iyẹ̀pẹ̀ pupa kún ọ̀gbun tó wà láàárín Okokomaiko àti ìyànà Ìbà. Làmídì ló kù níbẹ̀, ó ń fọ́n omi. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ:

“Ó gbé ìkòkò kalẹ̀, ó ní, ‘Làmídì, ta ló ni títì yìí?’ Mo ní ìjọba ni. Ó ní, ‘Ta ni ìjọba?’ Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ó ní, ‘Ó dáa. Òun náà ò mọ̀ wá.’ Ó gun kàtàpílà, ó gbẹ́ ilẹ̀ náà débi pé tó bá jẹ́ màlúù ni, ìwo ẹ̀ ò ní yọ. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ìkòkò náà síbẹ̀ jẹ́jẹ́, ó fi ọwọ́ bu iyẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́ bò ó, ó tún gun kàtàpílà, ó kún un. Ó ní, ‘Wọ́n máa ń fi omi wẹ̀ ẹ́.’ Mo bá ṣí páìpù sí i. Mo ní kí ọmọ má bínú, pé omi táńkà ni.”

Nígbà tí ọkọ mi sọ ọ́ fún mi níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí, mo dìde jókòó. “Abẹ́ títì? Abẹ́ táyà? Kí ọkọ̀ akẹ́rù máa gun orí ẹ̀, kí màlúù máa ṣu sí i?”

Ó jókòó sórí ilẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. “Gbogbo ilẹ̀ àgbègbè yìí,” ó ní, “èyí nìkan ni Bàbá Onílé ò lè tà.”

A gbọ́dọ̀ pe ilé. Mo pọn ọmọ lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Èkó, mo to ìlà títí ẹsẹ̀ mi fi wú. Oníṣòwò oògùn òyìnbó kan ló ní fóònù ní Kétu. Wọ́n lọ pe ìyá ọkọ mi. Ó ń pariwo bí ẹni tó fẹ́ kí ohùn rẹ̀ fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ mi.

“Ṣé ẹ ti sin ibi rẹ̀?”

“A ti sin ín, Màmá.”

“Lẹ́yìn ilé?”

Gbogbo ẹni tó tò sẹ́yìn mi ló ń gbọ́ mi. “Níbi iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni, Màmá. Lábẹ́ títì.”

 Mo rò pé ìlà ti já. Nígbà tó yá ó ní, “Ṣé omi ń débẹ̀?”

“Lójoojúmọ́, Màmá. Táńkà odidi.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ pè é ní Ilésànmí.” Ó sì já fóònù sílẹ̀.

Làmídì ò já wa kulẹ̀. Títí tí wọ́n fi da ọ̀dà sórí ibẹ̀, bí ó bá ti dé ibẹ̀, á rọra wa ọkọ̀, á jẹ́ kí omi pọ̀ níbẹ̀ ju ibi tó kù lọ. Ọ̀gá òyìnbó bi í nídìí tí ó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ ló ń tètè gbẹ.

Bàbá Onílé wá síbi ìsọmọlórúkọ. Ó jẹ, ó tún gbé abọ́ mìíràn. Òróró ń sàn gba irùngbọ̀n rẹ̀ nígbà tí ó fà mọ́ ọkọ mi létí. “Tí o bá ra ilẹ̀ kan lọ́wọ́ mi, o lè sin ti èyí tó ń bọ̀ síbẹ̀. Màá ṣe é ní ẹ̀dínwó fún ẹ.” Mo gbé ọmọ mi kúrò níbi tí èémí rẹ̀ lè dé.

Wọ́n ṣí títì náà. Bí a bá ti ń kọjá, mo máa ń na ọwọ́ fún Sànmí: “Ibi tí wọ́n bí mọ́ ẹ wà níhìn-ín. Ilẹ̀ ẹ nìyí.” Ó mọ ibẹ̀ kí ó tó mọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà.

Ní ọjọ́ kan, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, èmi àti ẹ̀ ń ti ọjà Ọ̀jọ́ bọ̀ nígbà tí a bá Bàbá Onílé níbẹ̀ gan-an. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dúró tì í pẹ̀lú báàgì lábẹ́ apá. Bàbá ń fọwọ́ júwe ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà létí ọ̀dà. Sànmí bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa bí mo ṣe kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ó ní:

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀. Ibi mi lẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀.”

Ọkùnrin oníbáàgì wo ọmọ, ó wo Bàbá. “Ibi ta ni?”

“Ibi mi,” ni Sànmí wí. “Wọ́n sin ín síbí nígbà tí wọ́n bí mi. Ilẹ̀ mi nìyí.”

“Ọmọdé ni,” ni Bàbá wí kíákíá. “Ará Kútọnu ni wọ́n. Ayálégbé mi ni.”

“Bàbá, ṣebí ẹ sọ fún mi pé kò sí ọmọ onílẹ̀ mìíràn.”

“Kò sí!”

“Èyí tó ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ńkọ́?” Ọkùnrin náà fún báàgì mọ́ abẹ́ apá rẹ̀ dáadáa. “Mo ti gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ àgbègbè yìí tó. Ẹ kú ìkàlẹ̀ o.” Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó sì lọ.

Nírọ̀lẹ́, Bàbá Onílé dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa, ó ń pariwo. Ọmọ wa ba ọjà òun jẹ́. Òun máa lé wa. Òun máa pe ọlọ́pàá.

Ọkọ mi ń bó iṣu. Kò gbé ojú sókè. “Bàbá, ẹ gbé e lọ sí kóòtù. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ níbẹ̀.”

Láti inú yàrá kejì, a gbọ́ tí Ìyá Onílé bú sẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí ṣáájú ọjọ́ yẹn.

Mo ti ka ìtàn yìí fún Sànmí lórí fóònù.  Ó ní ní ilé ìwòsàn tí òun fẹ́ bí sí lọ́hùn-ún, wọ́n máa ń sun ibi ọmọ níná ni, àfi tí èèyàn bá ní òun fẹ́ gbé e lọ. Òun sì fẹ́ gbé e lọ. Ṣùgbọ́n òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni òun ń gbé, ilé onílé, kò sí ilẹ̀ kankan.

“Màmá, níbo ni kí n gbé e sí?”

Mo ní, “Bojú wo ìta. Ṣé wọn ò máa ṣe títì kankan ládùúgbò yín?”